Toyota: Orúkọ Tí Ó Ti Ìdí Òfì Wá, àti Ọkọ̀ Tí A Fẹ́ Fi Ẹ̀yáwó Ẹgbẹ́ Rà

 

Ní nǹkan bí oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, mo lọ yẹ ìwé ẹgbẹ́ kan wò gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ mi, ọjọ́ náà sì bọ́ sí ọjọ́ tí ìgbìmọ̀ ẹ̀yáwó wọn ń jókòó. Alága ní kí n má tíì lọ, kí n bá wọn jókòó. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà níwájú ìgbìmọ̀. Ó ń tọrọ ₦4,000,000 láti fi kún owó tí ó ti kó jọ, kí ó lè ra Toyota Camry ọdún 2007, irú èyí tí àwọn ènìyàn wa ń pè ní Muscle, kí ó sì máa fi ṣe takisí. Àwọn onídùúró rẹ̀ méjèèjì wà níbẹ̀. Ọ̀kan jẹ́ tíṣà, èkejì ń ta aṣọ. Akọ̀wé sọ fún un pé kí ó mú mẹkáníìkì kan tí kò bá ẹni tó ń ta ọkọ̀ náà tan lọ wò ó, kí ó sì mú ìwé àyẹ̀wò rẹ̀ wá. Ọmọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ̀yin bàbá mi, Toyota mà ni. Toyota kì í bàjẹ́." Ìyá akápò tẹjú mọ́ ọn, wọ́n ní, "Ọmọ mi, ta ló sọ fún ọ?"

Kò rí èsì fọ̀ ju pé gbogbo ayé ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìbéèrè ìyá náà bá mi délé. Mo rò ó pé bí ó bá jẹ́ òótọ́ ni pé ọkọ̀ yìí lálòpẹ́ ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, ó yẹ kí a lè sọ ohun tó mú un rí bẹ́ẹ̀, kí a sì mọ ibi tí agbára náà dé dúró. Owó tí ọ̀dọ́mọkùnrin náà ń tọrọ kì í ṣe owó ìgbìmọ̀. Owó tíṣà ni, owó aláṣọ ni, owó àwọn ìyá tó ń fi ₦2,000 sílẹ̀ lóṣooṣù ni.

Ìtàn Toyota kò bẹ̀rẹ̀ nídìí ọkọ̀ rárá, ìdí òfì ni ó ti bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1867 ni a bí ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Sakichi Toyoda ní abúlé kan ní ilẹ̀ Jàpáànì, ní agbègbè tí a ń pè ní Kosai lónìí. Káfíńtà ni bàbá rẹ̀, òun náà sì kọ́ iṣẹ́ náà. Àwọn obìnrin abúlé wọn a máa hun aṣọ nínú ilé, Sakichi a sì máa wò bí wọ́n ti ń ṣe làálàá nídìí òfì. Ó fi ọgbọ́n káfíńtà bẹ̀rẹ̀ sí í tún òfì ṣe, ìjọba sì fún un ní ìwé àṣẹ lórí òfì onígi tí ó ṣe ní ọdún 1891. Láti ibẹ̀ ó kọjá sí òfì tí ẹ̀rọ ń wà. Ṣùgbọ́n èyí tí ó sọ ọ́ di olókìkí jù ni èyí tí òun àti ọmọ rẹ̀, Kiichiro, parí ní ọdún 1924.

Ẹni tó bá ti dé ọ̀dọ̀ àwọn ahunṣọ Ìṣẹ́yìn yóò mọ̀ pé bí òwú bá já, ahunṣọ a dáwọ́ dúró, a so ó, kí ó tó máa bá iṣẹ́ lọ. Bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, àbùkù yóò wọ inú aṣọ. Ẹ̀rọ kò ní ojú. Òfì tí ẹ̀rọ ń wà láyé ìgbà náà lè máa hun lọ lẹ́yìn tí òwú ti já, títí aṣọ púpọ̀ yóò fi bàjẹ́, àfi bí ènìyàn kan bá dúró tì í tí ó ń ṣọ́ ọ. Òfì ọdún 1924 yìí ní ohun kan nínú tí ń mọ̀ pé òwú ti já, yóò sì dá ara rẹ̀ dúró lójú ẹsẹ̀. Ènìyàn kan ṣoṣo wá lè máa mójú tó ọ̀pọ̀ òfì lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí pé èyí tó bá ní ìṣòro nìkan ni ó nílò rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ Platt Brothers ti ìlú Oldham, tí ó jẹ́ àgbà nínú àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ ìhunṣọ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bá wọn ṣe àdéhùn £100,000 ní ọdún 1929 kí àwọn náà lè máa ṣe irú òfì yìí. Ẹ ronú sí i: ọmọ káfíńtà láti abúlé kan ní Jàpáànì ni Gẹ̀ẹ́sì wá ń ra ọgbọ́n aṣọ híhun lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ fi ọ̀rọ̀ òwú tó já yìí sọ́kàn, a ó padà sí i.

Sakichi kú ní 1930. Kiichiro, tí ó ti rìnrìn àjò lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà, tí ó sì ti rí bí ọkọ̀ ti gba ìgboro níbẹ̀, dá ẹ̀ka ọkọ̀ sílẹ̀ nínú ilé-iṣẹ́ òfì wọn ní 1933. Ọkọ̀ akẹ́rù wọn àkọ́kọ́ tí wọ́n gbé sọ́jà, G1, jáde ní 1935. Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ pé Toyota kì í bàjẹ́, ẹ gbọ́: G1 bàjẹ́, ó tún bàjẹ́. Ọ̀kan nínú èyí tí wọ́n ń wà lọ sí Tokyo láti fi han àwọn ènìyàn gan-an kọṣẹ́ lójú ọ̀nà kí ó tó dé. Àwọn tó rà á ń há sí ojú títì. Ohun tí ilé-iṣẹ́ náà ṣe ni pé wọ́n ń rán òṣìṣẹ́ lọ bá ọkọ̀ tó bàjẹ́ níbi tí ó dúró sí, wọ́n ń tún un ṣe, wọ́n sì ń mú ìròyìn ohun tó bàjẹ́ padà wá sílé kí wọ́n lè yí i padà lára èyí tí wọ́n ń ṣe lọ́wọ́.

Ní 1936 wọ́n ní kí àwọn ará ìlú bá àwọn wá àmì tí àwọn yóò máa fi ta ọkọ̀, láti ibẹ̀ ni Toyoda ti di Toyota. Bí a bá fi lẹ́tà àwọn ará Jàpáànì kọ ọ́, ẹ̀ẹ̀mẹjọ ni a ó fa kálàmù, mẹ́jọ sì jẹ́ iye oríire lọ́dọ̀ wọn. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1937 ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ náà dá dúró ní tirẹ̀. Koromo ni ìlú tí wọ́n kọ́ ilé-iṣẹ́ ńlá wọn sí. Ní 1959 ìlú náà pa orúkọ rẹ̀ tì, ó ń jẹ́ Toyota.

Ogun àgbáyé kejì parí ní 1945, ó sì fi ilẹ̀ Jàpáànì sílẹ̀ nínú àlàpà. Nígbà tí ó di 1949, ìjọba dín owó tó ń yí nílùú kù kí ọjà má bàa máa gbówó lórí, bẹ́ẹ̀ ni ọwọ́ àwọn ènìyàn gbẹ. Ọkọ̀ kò tà, àwọn tó ti rà á láwìn kò rí owó san. Ẹ̀yin akápò, ẹ mọ ohun tí mo ń wí. Toyota fẹ́rẹ̀ẹ́ wó. Àwọn báńkì pawọ́ pọ̀ láti yá wọn lówó, ṣùgbọ́n wọ́n ní àfi kí ẹ̀ka tó ń ta ọkọ̀ di ilé-iṣẹ́ ọ̀tọ̀, kí iye òṣìṣẹ́ sì dín kù. Kiichiro ti ṣèlérí pé òun kò ní dá ẹnikẹ́ni dúró. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ wá béèrè pé kí 1,600 nínú òṣìṣẹ́ fi iṣẹ́ sílẹ̀ fúnra wọn, ìyanṣẹ́lódì bẹ́ sílẹ̀ ní oṣù kẹrin 1950, ó sì di oṣù kẹfà kí ó tó parí. Àwọn òṣìṣẹ́ náà lọ. Ṣùgbọ́n Kiichiro kò dúró kí ó máa wò wọ́n. Ó ti yẹhùn, nítorí náà òun náà fi ipò ọ̀gá àgbà sílẹ̀. Nínú gbogbo ìwé ilé-iṣẹ́ tí mo ti kà, kò pọ̀ tí mo rí níbi tí ọ̀gá ti bá àwọn tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn jáde.

Ní oṣù kẹfà yẹn náà ni ogun Kòríà bẹ̀rẹ̀, àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà sì bẹ̀rẹ̀ sí í ra ọkọ̀ akẹ́rù lọ́wọ́ Toyota. Owó dé. Wọ́n fẹ́ dá Kiichiro padà sí ipò rẹ̀, ṣùgbọ́n ó kú ní oṣù kẹta 1952 kí ó tó jókòó, ó jẹ́ ẹni ọdún 57.

Ìnira ọdún wọ̀nyí ni ó kọ́ wọn pé àwọn kò ní ohun tí àwọn lè fi ṣòfò. Ọkùnrin tó fi èyí ṣe iṣẹ́ ṣe ni Taiichi Ohno, tí ó ti inú ilé-iṣẹ́ òwú wọn wá sí ti ọkọ̀ ní 1943. Ọgbọ́n òfì ni ó gbé wọ inú iṣẹ́ ọkọ̀. Ó ní bí òwú bá já, kí iṣẹ́ dúró. Wọ́n ta okùn sí òkè orí àwọn òṣìṣẹ́ tó ń to ọkọ̀ pọ̀, òṣìṣẹ́ tó bá sì rí àbùkù, ìbáà jẹ́ ẹni tó kéré jù, ni ó gbọ́dọ̀ fa okùn náà. Iná yóò tàn, olórí ẹgbẹ́ iṣẹ́ rẹ̀ yóò sáré wá, bí wọn kò bá sì lè tún un ṣe kíá, gbogbo ìlà náà yóò dúró. Kò sí pé "jẹ́ kí ó máa lọ, ẹni tó wà níwájú yóò rí i."

Lẹ́yìn èyí ni wọn yóò wá béèrè "èéṣe" ní ẹ̀ẹ̀marùn-ún. Ohno fúnra rẹ̀ fi àpẹẹrẹ ẹ̀rọ kan tó dúró ṣàlàyé rẹ̀, mo sì fẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ. Ẹ̀rọ dúró, èéṣe? Iṣẹ́ pọ̀ fún un jù, fíúsì rẹ̀ jó. Èéṣe tí iṣẹ́ fi pọ̀ fún un jù? Bíárìn rẹ̀ gbẹ, ọ́ìlì kò dé ibẹ̀ tó. Èéṣe tí ọ́ìlì kò fi dé ibẹ̀? Páǹpù tó yẹ kí ó fà á kò fà á dáadáa. Èéṣe? Irin àárín páǹpù náà ti jẹ. Èéṣe tí ó fi jẹ? Kò sí asẹ́ lẹ́nu rẹ̀, èérún irin ń wọlé. Bí ènìyàn bá dúró sí ìbéèrè kìíní, fíúsì ni yóò pààrọ̀, ẹ̀rọ yóò sì tún dúró lóṣù tó ń bọ̀. Èmi náà ti mú ọgbọ́n yìí lọ sídìí ìwé gbèsè. Akọ̀wé ẹgbẹ́ kan sọ fún mi pé lágbájá kì í san owó nítorí pé kò ní òótọ́. Mo béèrè títí, mo sì rí i pé oníkòkó ni, ìgbìmọ̀ fún un lówó ní ìgbà òjò, wọ́n sì ní kí ó bẹ̀rẹ̀ sí í san án ní oṣù tó tẹ̀ lé e, kí kòkó tó so.

Ẹ má rò pé láti ìgbà yẹn ni ohun gbogbo ti ń dán. Nígbà tí wọ́n kó Crown lọ sí Amẹ́ríkà ní 1957, ìtìjú ni wọ́n gbà. Ọ̀nà Jàpáànì kò dára nígbà náà, ìrìn jẹ́jẹ́ ni ọkọ̀ wọn mọ̀. Lójú ọ̀nà márosẹ̀ Amẹ́ríkà ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò lè sáré bá àwọn ìyókù. Wọ́n kó o kúrò lọ́jà, ó sì di 1965 kí wọ́n tó mú Corona tí ó lágbára dé ibẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni Corolla dé, ní 1966, pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì kékeré oní 1,100 cc. Ẹni tí ó ṣe olórí iṣẹ́ rẹ̀, Tatsuo Hasegawa, ti ń ya àwòrán ọkọ̀ òfuurufú kí ó tó wá sídìí mọ́tò. Ìlànà rẹ̀ wù mí. Ó ní ọkọ̀ àwọn ará ìlú kò gbọdọ̀ ní ibì kan tí ó ti féèlì. Kí ó gba ó kéré tán 80 nínú 100 níbi gbogbo, ní ìjókòó, ní bíréèkì, ní epo jíjẹ, ní owó títà, lẹ́yìn náà kí ó wá tayọ ní àwọn ibì kan. Ọkọ̀ tí wọ́n ṣe ṣáájú rẹ̀, Publica ti 1961, pọ́n dandan lórí owó pọ́ọ́kú nìkan, ó sì gbẹ jù, àwọn ènìyàn kò fẹ́ ẹ. Corolla gba ọ̀nà àárín. Ní 1997 iye tí wọ́n ti tà kọjá ti Volkswagen Ìjàpá tí gbogbo wa mọ̀, nígbà tí ó sì di 2021 ó ti kọjá mílíọ̀nù 50. Hilux jáde ní 1968, bọ́ọ̀sì HiAce ní 1967. Àwọn ọmọ ọmọ HiAce yẹn ni àwọn onímọ́tò wa ń pè ní Hummer Bus ní gáréèjì lónìí.

Bí ẹnikẹ́ni bá ní ẹ̀jẹ̀ ará Jàpáànì ló ń mú ọkọ̀ wọn dára, ẹ sọ ìtàn Fremont fún un. Ní ìlú yìí, ní California, ilé-iṣẹ́ General Motors ti Amẹ́ríkà ní ibi tí wọ́n ti ń to ọkọ̀. Ibẹ̀ burú. Òṣìṣẹ́ ń pa ibi iṣẹ́ jẹ, wọ́n ń mu ọtí, òfin sì ni pé ìlà kò gbọdọ̀ dúró láé; bí ọkọ̀ bá ń bọ̀ láìní ohun kan, kí ó máa lọ, wọn yóò tún un ṣe ní ẹ̀yìnkùlé. General Motors ti ibẹ̀ pa ní 1982. Toyota bá wọn dá òwò pọ̀, wọ́n sì tún ṣí i ní 1984. Èyí tó pọ̀ jù nínú òṣìṣẹ́ tí wọ́n gbà padà ni àwọn òṣìṣẹ́ àtijọ́ kan náà, pẹ̀lú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ wọn. Wọ́n kó àwọn kan nínú wọn lọ sí Jàpáànì láti lọ wo bí a ti ń fa okùn. Ó yà wọ́n lẹ́nu pé nígbà tí òṣìṣẹ́ bá fa okùn, ọ̀gá kì í wá bínú sí i, ṣe ni ó ń wá bi í pé kí ni òun lè bá a ṣe. Kò pẹ́ tí ọkọ̀ tó ń jáde ní Fremont fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dára tó ti Jàpáànì. Ọwọ́ kan náà ni, ìlànà ló yàtọ̀. Wọ́n ti ibẹ̀ pa ní 2010, Tesla ló ń lo ilé náà báyìí.

Ohun mìíràn wà tí àwa ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù yóò gbádùn láti gbọ́. Toyota kì í kó ẹ̀yà ọkọ̀ jọ sí yàrá. Ohun tí wọ́n bá fẹ́ lò ni ó ń dé ní wákàtí tí wọ́n fẹ́ lò ó. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kejì ọdún 1997, iná jó ilé-iṣẹ́ Aisin ní ìlú Kariya, níbi tí fálíìfù kékeré kan tó wà nídìí bíréèkì ti ń wá fún fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo ọkọ̀ Toyota. Ohun kékeré yìí ni kò sí, àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá ńlá sì ti ìlẹ̀kùn. Àwọn ilé-iṣẹ́ mìíràn tó ń bá Toyota ṣòwò, tí ó lé ní 60, pín àwòrán fálíìfù náà láàárín ara wọn, olúkúlùkù sì ń ṣe iye tí ó lè ṣe láìtíì dúnàádúrà owó. Ilé-iṣẹ́ Brother tó ń ṣe ẹ̀rọ ìránṣọ pàápàá bá wọn ṣe é. Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan, iṣẹ́ ti padà. Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò sọ pé ìwà ọ̀lẹ ni kí ènìyàn má kó nǹkan pamọ́, èmi náà kò sì lè bá wọn jiyàn púpọ̀ lórí ìyẹn.

Kí a wá bọ̀ sílé. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, Peugeot 504 àti Volkswagen ni ọkọ̀ tí a mọ̀ jù, nítorí pé láti 1975 ni wọ́n ti ń to wọ́n pọ̀ ní Kaduna àti ní Èkó. Toyota wà níbẹ̀, R. T. Briscoe ń tà á, Olóyè Michael Ade-Ojo ará Ìlárá-Mọ̀kín sì dá Elizade sílẹ̀ ní 1971, tí ó wá di ọ̀kan nínú àwọn olókìkí jù nínú títa Toyota. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn 1986, tí náírà ja wálẹ̀, tí ọkọ̀ tuntun kọjá agbára òṣìṣẹ́, tòkunbọ̀ gba gbogbo ọ̀nà, Toyota sì wá borí nínú wọn. Ọkọ̀ náà lálòpẹ́, òótọ́ ni. Ohun kejì tún wà: bí ó ti pọ̀ tó yìí, kò sí abúlé tí a kì í ti í rí ẹni tó lè tú u, ẹ̀yà ara rẹ̀ sì kún Ládípọ̀. Ìyẹn náà ni ó fi dà bí ẹni pé kì í bàjẹ́. Ó ń bàjẹ́. Àtúnṣe rẹ̀ ni kò nira. Àwọn oníjìbìtì náà mọ̀ bẹ́ẹ̀, ohun tí wọ́n sì ń ṣe ayédèrú rẹ̀ jù ni ohun tí ó ń tà jù.

Mo ní láti sọ èyí tí kò dùn. Ní 2008 Toyota di ẹni tó ń ta ọkọ̀ jù lágbàáyé, eré àtidé ibẹ̀ sì mú kí àwọn fúnra wọn gbàgbé okùn wọn. Ní 2009 àti 2010 wọ́n pe àwọn ọkọ̀ tó lé ní mílíọ̀nù 8 padà káàkiri ayé, nítorí pé kápẹ́ẹ̀tì ẹsẹ̀ ń há mọ́ ibi tí a ń tẹ̀ kí ọkọ̀ sáré, àti pé òun fúnra rẹ̀ lè lẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ó má padà. Ènìyàn kú. Akio Toyoda, ọmọ ọmọ Kiichiro, dúró níwájú ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Amẹ́ríkà ní oṣù kejì 2010, ó tọrọ àforíjì, ó sì gbà pé ìdàgbàsókè àwọn ti yára ju bí àwọn ti ń kọ́ òṣìṣẹ́ lọ. Ní 2014 wọ́n gbà láti san bílíọ̀nù 1.2 dọ́là fún ìjọba Amẹ́ríkà nítorí pé wọ́n ṣi àwọn oníbàárà lọ́nà lórí ọ̀ràn náà. Ní ìparí 2023, Daihatsu tí Toyota ni ín dá gbogbo ọkọ̀ tó ń kó jáde dúró nítorí pé ó hàn pé wọ́n ti ń yí èsì ìdánwò ààbò po fún ọ̀pọ̀ ọdún, ní 2024 Toyota fúnra rẹ̀ sì jẹ́wọ́ irú rẹ̀ lórí àwọn ọkọ̀ kan. Òwú já, wọ́n sì ń hun lọ.

Ìdí nìyí tí mo fi dúró lẹ́yìn akọ̀wé ẹgbẹ́ yẹn pé kí a yẹ ọkọ̀ wò kí owó ẹgbẹ́ tó jáde. Camry Muscle tí ọ̀dọ́mọkùnrin náà mú wá ní àléébù tí Toyota fúnra wọn mọ̀. Èyí tó ní ẹ́ńjìnnì oní 2.4 nínú ti 2007 sí 2009 a máa mu ọ́ìlì, nítorí pé ríǹgì pístìnnì rẹ̀ kò ká ọ́ìlì dáadáa. Toyota gbà láti máa tún un ṣe fún àwọn oníbàárà wọn ní Amẹ́ríkà fún ìgbà díẹ̀, ìgbà náà sì ti kọjá. Kì í ṣe gbogbo wọn ló ń ṣe é, a sì rí èyí tí wọ́n ti tún ṣe. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá yọ géèjì ọ́ìlì wò, ẹ́ńjìnnì lè kú mọ́ ọn lọ́wọ́ kí ó tó san ẹ̀yáwó oṣù mẹ́ta.

Kí mẹkáníìkì bá ọkọ̀ náà ní tútù, kí ẹni tó ń tà á má ti tan án sílẹ̀ kí ẹ tó dé. Kí ó wo ọ́ìlì lórí géèjì, kí ó tan án, kí ó wo ẹ̀yìn: èéfín tó ní àwọ̀ búlúù, ọ́ìlì ni ó ń jó; èéfín funfun tí kì í tán lẹ́yìn tí ẹ́ńjìnnì ti gbóná, tí omi rédíétọ̀ sì ń dín kù, ọ̀ràn gásíkẹ́ẹ̀tì ni. Kí ó wà á jìnnà, kí ó tún padà wo géèjì náà. Kí ó ká kápẹ́ẹ̀tì, kí ó wo irin abẹ́ ìjókòó bóyá ó dípẹtà, kí ó gbóòórùn rẹ̀, nítorí pé ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí omíyalé bò ní Amẹ́ríkà, bí ti 2005, 2012 àti 2017, ni wọ́n tà ní gbàǹjo.

Nọ́ńbà ṣásí pẹ̀lú ń sọ̀rọ̀. Lẹ́tà àti nọ́ńbà 17 ni. Bí ó bá fi J bẹ̀rẹ̀, Jàpáànì ni wọ́n ti ṣe é. Bí ó bá jẹ́ 1, 4 tàbí 5, Amẹ́ríkà ni. 2 jẹ́ ti Kánádà. Púpọ̀ nínú Camry tó wá láti Amẹ́ríkà, ìlú Georgetown ní Kentucky ni wọ́n ti tò ó, níbi tí wọ́n ti ń ṣe é láti 1988. Èyí tó ṣe ìkẹwàá nínú 17 náà ń sọ ọdún ọkọ̀: 7 ni 2007, 9 ni 2009, A ni 2010. Ẹni tó bá ta ọkọ̀ 2007 fún yín ní orúkọ 2009, ibẹ̀ ni ẹ ó ti mú un. Nọ́ńbà yìí kan náà ni a fi ń mọ̀ bóyá báàgì atẹ́gùn inú sítíárì wà lára àwọn tí ilé-iṣẹ́ Takata ṣe, tí Toyota àti ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ mìíràn pè padà. Ooru àti ọ̀rinrin ni ó ń ba ẹ̀tù inú rẹ̀ jẹ́ pẹ̀lú ọdún, bí ó bá sì bú, irin ni ó ń fọ́n sí awakọ̀ lójú. Ooru àti ọ̀rinrin kò sì wọ́n wa níhìn-ín.

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà fi ìbínú mú mẹkáníìkì lọ. Géèjì ọ́ìlì fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ, èéfín rẹ̀ sì búlúù. Ẹni tó ń tà á ní kí wọ́n kàn bu ọ́ìlì sí i. Ìgbìmọ̀ kò fọwọ́ sí i. Ní ọ̀sẹ̀ kejì ó mú Corolla ọdún 2005 wá, owó rẹ̀ sì dín. Mẹkáníìkì kọ ọ́ sínú ìwé pé ṣọ́kì ẹ̀yìn méjèèjì ti kú, pé ẹ́ńjìnnì mọ́. Wọ́n yọ owó ṣọ́kì nínú iye tí wọ́n san fún oní-ọkọ̀, àwọn onídùúró fọwọ́ sí ìwé, ìyá akápò náà fọwọ́ sí i. Èmi fúnra mi ni mo ka nọ́ńbà ṣásí rẹ̀ sínú ìwé ẹ̀yáwó. 1NX ni ó fi bẹ̀rẹ̀. Àmì ilé-iṣẹ́ Fremont nìyẹn.